Ṣé ife bàbá ilé ló yẹ ká yà sọ́tọ̀, àbí abẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ bímọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ó ní hepatáítìsì B. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa, ti ya ife, ṣíbí àti àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 4, kì í bá a jẹun mọ́. Màmá yìí kan náà ló máa ń rún ẹran sí àbíkẹ́yìn mi lẹ́nu, ọmọ oṣù 9 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé itọ́ ọkọ mi lè kó àrùn yìí ràn wá? Ṣé rírún ẹran fún ọmọ dára? Ṣé ọmọ mi lè sùn ti bàbá rẹ̀? Ojú ń ti ọkọ mi, ó sì ti dákẹ́ nínú ilé.

Ìdáhùn: Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn kí n tó ṣàlàyé, nítorí mo mọ̀ pé oorun kò kun ojú yín. Itọ́ ọkọ yín tó wà lára ife tàbí ṣíbí kò lè kó hepatáítìsì B ràn yín. Ẹ dá ife rẹ̀ padà sáàárín àwọn ife yòókù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá a jẹ àmàlà nínú àwo kan bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nínú ilé yín wà ní balùwẹ̀, kò sí nílé ìdáná.

Mi ò bá Màmá wí o. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná ń jà nílẹ̀ wa, ẹni tó bá mú ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀, ọgbọ́n tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là sì ni. Àgbà tó rí irú ìyẹn rí, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún un, kò lè gbọ́ pé àrùn wọlé kó jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àrùn kan ń gbà rìn kọ́ ni òmíràn ń gbà. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a kó gbogbo wọn sínú àpò kan, a sì fi ife àti ṣíbí ṣe ohun ìjà fún gbogbo wọn.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò hepatáítìsì B, tí àwọn kan ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́. Bí wọ́n bá gbé itọ́ ẹni tó ní in lọ sí láàbù, wọ́n lè rí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyẹn lórí fóònù a pariwo, kò ní ka ìyókù. Ìyókù ni pé èyí tó wà nínú itọ́ kéré púpọ̀púpọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 tí Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àmì kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ti ń tọpa bó ṣe ń rìn. Jíjẹun pọ̀, mímu omi nínú ife kan, dídì mọ́ra ẹni, ikọ́ àti sísín kò sí lára ọ̀nà rẹ̀. Ìfẹnukonu náà kò sí níbẹ̀.

Kí àrùn tó lè ti inú itọ́ ẹnìkan bọ́ sára ẹlòmíràn, kòkòrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó nínú itọ́ náà, kó má tíì kú kó tó dé ibi tó ń lọ, kó sì rí ilẹ̀kùn wọlé. Itọ́ kì í sì í ṣe omi lásán. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò. Alexander Fleming, ẹni tó wá rí oògùn pẹnisílínì lẹ́yìn náà, ló ṣàwárí ọ̀kan lára wọn, tó ń jẹ́ lysozyme, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Awọ ẹnu tí kò bó náà tún jẹ́ ògiri. Ìdí nìyí tí kòkòrò HIV pàápàá kì í fi í gba inú itọ́ ran ẹnikẹ́ni: ìwọ̀nba rẹ̀ ló ń dé inú itọ́, itọ́ náà sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

Mo mọ ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń fi tẹ̀ lé èyí. Bí itọ́ kò bá ń kó HIV ranni, kí ló dé tí irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn fi jẹ́ pé ara erìgì ni a máa fi nù? Kì í ṣe kòkòrò náà ni irinṣẹ́ yẹn ń wá. Nígbà tí HIV bá wọ ara, ara a gbé ọmọ ogun tirẹ̀ dìde, àwọn ọmọ ogun yìí sì máa ń sun jáde lẹ́bàá erìgì. Ipasẹ̀ wọn ni irinṣẹ́ náà ń wò, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà tó sì mọ̀ pé olè ti wọ àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí balùwẹ̀. Bí itọ́ kò bá ní agbára púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ní in. Hepatáítìsì B ń gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ranni ní ìlọ́po 50 sí 100 ju HIV lọ, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sára nǹkan sì lè gbé kòkòrò rẹ̀ pamọ́ láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nítorí náà, abẹ tí ọkọ yín fi ń fá irùngbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ńkọ́? Ìyẹn ni mo máa ń bá àwọn ìdílé fà jù, nítorí itọ́ ni ojú wọn ń rí lára rẹ̀, wọn kì í rántí pé erìgì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ ẹnu. Ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná wà níbẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ilé. Níta, ẹ ṣọ́ kíláípà oníbàábà, abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́, ohun tí olóólà fi ń dábẹ́ àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń lu etí ọmọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fi ọmọ ìyá wọn sí kọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí ife, tí gbogbo wọn sì jọ ń lo abẹ kan láti fi gé èékánná lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣì ń rántí ojú ọkùnrin náà.

Bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ yín bá ta sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nù ún, kí ẹ fi omi tí ẹ po bílíìṣì sí fọ ibẹ̀. Kó máa fi nǹkan bo egbò ara rẹ̀. Àwọn ọmọdé ni mo máa ń kíyè sí jù, nítorí egbò kì í tán lórókún wọn, wọ́n sì máa ń géra wọn jẹ. Bí ẹni tó ní àrùn yìí bá gé ẹlòmíràn jẹ tí ara bó tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má fi ìyẹn falẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ìbálòpọ̀ náà ń kó o ranni, nítorí náà ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí ẹ ó fi gba àjẹsára tiyín pé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n mo fura pé ó wà lọ́kàn yín. Ẹ má fi ojú àgbèrè wo ọkọ yín. Nínú àwọn ọmọ ọwọ́ tí hepatáítìsì B bá wọ ara wọn lásìkò ìbí, nǹkan bí 90 nínú 100 ni kì í kúrò lára wọn mọ́. Nínú àwọn àgbàlagbà tó bá kó o, kò tó 5 nínú 100 tó máa bá kalẹ̀. Èyí ni pé ẹni ogójì ọdún tí wọ́n bá a lára rẹ̀ lónìí nílẹ̀ wa, ó ṣeé ṣe kó ti gbé e láti kékeré láìmọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, wọ́n rí i lára nǹkan bí 8 nínú gbogbo àgbàlagbà 100. Bí èrò 200 bá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ wo iye tí yóò jẹ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé láti kékeré ni ọkọ yín ti ní in, ó lè jẹ́ pé lára ìyá rẹ̀ ló ti gbà á nígbà ìbí. Ó yẹ kí Màmá náà ṣe àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà, kò sì sí àjẹsára rẹ̀ nílẹ̀ fún wọn. Ẹ kàn sọ pé, “Màmá, dókítà ní kí gbogbo ilé ṣe àyẹ̀wò, tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe.” Kí ẹ sì nawọ́ yín ṣíwájú lóòótọ́.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí ẹran rírún. Kí ẹ̀rọ ìlọta tó wọ ilé ìdáná wa, eyín ìyá àgbà ni ẹ̀rọ. Ọmọ tí eyín kò tíì pé lẹ́nu rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá rún ẹran fún un, kò ní mọ adùn ẹran títí yóò fi kúrò lórí ẹ̀yìn. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, ọpẹ́ ni mo ń dá lọ́wọ́ ẹni tó rún un fún mi. Síbẹ̀, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kó dúró. Itọ́ nìkan kọ́ ló ń bá ẹran yẹn wọ ẹnu ọmọ. Erìgì àgbàlagbà sábà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá ń rún nǹkan líle, ẹni tó ń rún un lè má mọ̀. Ní 2009, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ kéékèèké 3 tó jẹ́ pé oúnjẹ tí ẹni tó ní HIV kọ́kọ́ rún ni wọ́n gbà pé ó kó kòkòrò náà ràn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹnu ni wọ́n tọ́ka sí, kì í ṣe itọ́. Bí HIV bá lè gba ibẹ̀, hepatáítìsì B tó lágbára jù ú lọ nínú ẹ̀jẹ̀ yóò gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kòkòrò tó ń jẹ eyín lè ti ẹnu àgbà bọ́ sẹ́nu ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Màmá pé ẹnu wọn dọ̀tí. Ọlọ ni kí ẹ gbé fún wọn. Ẹ ní, “Màmá, ẹ bá mi lọ ẹran ọmọ yìí, ọwọ́ tiyín ló mọ bó ṣe máa kúnná.” Kí ẹ se ẹran náà títí yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ẹja tí wọ́n yọ eegun rẹ̀ dáadáa tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù 9. Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ọmọ ṣì ń jẹ láti ọwọ́ wọn.

Àwọn àrùn kan wà o, tí itọ́ gan-an ni ọkọ̀ wọn. Ṣegede jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe itọ́ lábẹ́ etí ni kòkòrò rẹ̀ máa ń bá jà, ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú. Ọmọ tó ní in ti ń kó o ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tó wú, nítorí náà ẹ dá a dúró sílé fún ọjọ́ 5 lẹ́yìn tó bá ti wú, kí ó sì ní ife tirẹ̀. Ní ti ṣegede, yíya ife sọ́tọ̀ bọ́gbọ́n mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀fun dídùn àti ti yírùnyírùn, tí kòkòrò rẹ̀ máa ń gbé nínú ọ̀fun ènìyàn. Kòkòrò tó ń jẹ́ Epstein-Barr ń gba inú itọ́ pẹ̀lú, àwa àgbàlagbà tó lé ní 90 nínú 100 la sì ti kó o rí láìmọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀ ni ti egbò kéékèèké tó máa ń sọ sí etí ètè, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ibà ló jáde sí wọn lẹ́nu. Kì í ṣe ibà. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ herpes ni, ó sì wà lára ènìyàn tó ju bílíọ̀nù 3 lọ láyé. Lára àgbàlagbà, egbò lásán ni. Lára ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó lè wọ ọpọlọ, ó sì lè pa á. Ẹ rántí ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọmọ lórúkọ: ọmọ a bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, àwọn kan a fẹnu kò ó lẹ́nu, oyin àti iyọ̀ a kan ẹnu àgbà kó tó kan ẹnu ọmọ, pẹ̀lú ìka kan náà. Mi ò ní kí ẹ má sọmọ lórúkọ. Kí ẹni tó bá ní egbò lẹ́nu gbàdúrà láti òkèèrè, kí ẹ sì fi ìka tí a fọ̀ kan ohun ìsọmọlórúkọ sí ètè ọmọ láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. (Ní ti oyin, ẹ má fi kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá, kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń ṣe májèlé nínú ikùn ọmọ ọwọ́.) Àgbà tó jẹ ataare, tó sì fẹ́ ẹ síni lórí láti fi wúre kò kó hepatáítìsì tàbí HIV ran ẹnikẹ́ni, níwọ̀n bí orí náà kò bá ti ní egbò.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n tún máa ń torí rẹ̀ fọ́ ife mọ́ ènìyàn lójú. Atẹ́gùn ni ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tàbí tó kọrin, ẹ̀kán omi tó kéré ju ohun tí ojú lè rí a lé sínú afẹ́fẹ́ yàrá, ẹlòmíràn a sì mí i sínú. Ṣíbí kò kó o ranni. Ohun tí mo máa ń bá nílé aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni pé wọ́n ti ya ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Ẹ ṣí fèrèsé. Oògùn rẹ̀, tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù 6 ni wọ́n sábà fi ń lò ó.

Itọ́ tí mo bẹ̀rù jù láyé kì í ṣe ti ènìyàn. Ní 1898, Ronald Ross, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, rí kòkòrò ibà nínú ẹṣẹ́ itọ́ ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Láti inú itọ́ yẹn ni ibà ti ń wọ ara wa títí dòní. Ti ajá dìgbòlugi sì burú ju ìyẹn lọ. Bí ajá bá gé ọmọ yín jẹ, tàbí tó lá egbò ara rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ata sí i. Láti 1885 tí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ yìí ni a ti ní ohun tí a lè fi dènà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá ti fojú hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é.

Ní ti ilé yín, ohun tó kù láti ṣe nìyí. Kí ọkọ yín lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa, kí wọ́n mọ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó àti bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ní in kọ́ ló nílò oògùn. Ẹni tó bá nílò rẹ̀, hóró kan lójúmọ́ ni, ó sì ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kó jìnnà sí ọtí, sí paraga, àti sí àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, kó má jẹ ẹ́. Májèlé inú rẹ̀ àti hepatáítìsì B máa ń gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò HBsAg, èyí tó ń fi hàn bóyá hepatáítìsì B wà nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyókù tí dókítà yóò kọ fún yín. Bí kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta: ọ̀kan lónìí, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ wá káàdì àjẹsára àwọn ọmọ jáde. Ó yẹ kí ẹ rí èyí tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí ẹ bí wọn, àti àwọn tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Bí ọ̀kan bá sọnù níbẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò dí àlàfo náà, kò tíì pẹ́ jù. Kódà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀yin náà ní in, ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ.

Ẹ ní ṣé ọmọ lè sùn ti bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbé e lé e láyà lálẹ́ òní, kó da itọ́ sí i lọ́rùn, kí bàbá náà fẹnu kò ó lórí títí oorun yóò fi gbé àwọn méjèèjì lọ.